Àwọn Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni, Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ṣí Sílẹ̀, àti Àkọtọ́ Yorùbá-Nàgó

Ètò kọ̀ǹpútà tí ó ṣí sílẹ̀ ni irú ètò tí àwọn tí ó ṣe é fi ìwé-àṣẹ sílẹ̀ lé lórí pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó wo bí a ṣe kọ ọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ń mú kí ọ̀rọ̀ hàn lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, láti ìrísí lẹ́tà títí dé orúkọ oṣù àti ọjọ́, ni ó jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ni a nílò ẹni tí yóò dán an wò, tí yóò sì máa bójú tó o, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà ni kò gba owó kankan. Ọ̀rọ̀ wọn kan olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó wà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tí ó ń kọ ètò náà ní òkè òkun. Ohun tí àlàyé yìí fẹ́ fi hàn ni ibi tí iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ti ṣe èdè Yorùbá lóore, ibi tí ó kù sí, àti ìdí tí àléébù rẹ̀ fi wúwo lórí àkọtọ́ Orílẹ̀-èdè Benin ju ti Nàìjíríà lọ.

Àkọtọ́ ìhà Nàìjíríà ni a fi tẹ àlàyé yìí. Àwọn àpẹẹrẹ ti Benin nìkan ni a fi lẹ́tà Benin kọ, kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn kedere.

Ọ̀wẹ̀ ni, kì í ṣe àáró

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwọn ọmọ Yorùbá. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ a kó ara wọn jọ, wọn a lọ sí oko ẹnì kìíní lónìí, wọn a lọ sí ti ẹnì kejì lọ́la, títí tí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ti ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀, bóyá láti kọ́ ilé tàbí láti ro oko àna rẹ̀. Oúnjẹ àti ohun mímu ni ó sì fi ń ṣe àwọn tí ó bá wá lálejò. Àwọn tí ó ń yin ètò tí ó ṣí sílẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àáró ni: ohun tí ẹnì kan fi sílẹ̀ ni ẹlòmíràn yóò mú lò, òun náà yóò sì dá tirẹ̀ padà. Ní òtítọ́, ọ̀wẹ̀ ni ó jọ jù. Ènìyàn díẹ̀, nígbà mìíràn ẹnì kan ṣoṣo, ni ó mọ ààlà oko náà. Àwọn yòókù wá fún ọjọ́ kan, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n sì lọ. Bí ó bá rẹ olóko, kò sí ẹni tí yóò bẹ ọ̀wẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí xz ni gbogbo ayé fi mọ èyí. Ètò kékeré ni xz, a fi ń fún fáìlì pọ̀ kí ó má baà gba àyè, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux. Ẹnì kan ni ó ń bójú tó o láìgba owó, ó sì ti sọ ní gbangba ní ọdún 2022 pé agbára òun láti máa ṣe iṣẹ́ náà ti dín kù. Ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá ràn án lọ́wọ́. Ó fi sùúrù ṣe iṣẹ́ rere fún ìgbà pípẹ́ títí tí a fi fún un ní àṣẹ, lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀nà ẹ̀bùrú pamọ́ sínú ètò náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund ṣàkíyèsí pé ìwọlé sí kọ̀ǹpútà kan ń pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ó tọ pinpin rẹ̀ títí ó fi já a. Kò sí ẹni tí ó rán an ní iṣẹ́ yìí.

Láti ìgbà tí Eric Raymond ti gbé àròkọ rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí jáde ní ọdún 1997 ni èrò kan ti gbilẹ̀ pé bí ojú tí ó ń wo ètò kan bá ti pọ̀ tó, àṣìṣe inú rẹ̀ kò ní lè fara pamọ́. Èrò náà bá àṣìṣe ìṣirò mu dé àyè kan. Nínú ọ̀ràn èdè, iye ojú kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù bí kò ṣe irú ojú tí ó jẹ́. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò gbọ́ Yorùbá lè wo ọ̀rọ̀ tí a kọ láìtọ́ kí wọ́n sì gbà pé ó pé. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò mọ àkọtọ́ Benin lè wò ó bákan náà kí ó má sì rí nǹkankan.

Bí orúkọ ọjọ́ àti oṣù ṣe ń dé inú ẹ̀rọ

Ní ọdún 1975 ni Ìgbìmọ̀ Ìmọ̀ Èdè ti orílẹ̀-èdè yìí gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa kalẹ̀. Ibùdó ìmọ̀ èdè tí ó wà ní Kútọnu, CENALA, sì tún un yẹ̀ wò ní ọdún 1990 àti ní ọdún 2008. Nínú rẹ̀ ni Yorùbá ti ní ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ, tí ó ní sh dípò ṣ, tí ó sì ní kp fún ìró tí Nàìjíríà ń fi p kọ. Ohun tí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ń fi kọ́ àgbàlagbà nìyẹn. Ìbéèrè tí ó kù ni irú Yorùbá tí akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò bá pàdé nígbà tí ó bá fi ìwé kíkà sílẹ̀ tí ó sì mú fóònù lọ́wọ́.

Àkójọ kan wà tí a ń pè ní CLDR, tí Unicode Consortium ti ń bójú tó láti ọdún 2004. Orúkọ oṣù, ọjọ́, orílẹ̀-èdè, èdè àti owó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ayé ni ó kún inú rẹ̀. Android ń mú láti inú rẹ̀. Apple àti Microsoft pẹ̀lú ń mú níbẹ̀. Java sọ ọ́ di ìpìlẹ̀ tirẹ̀ láti ẹ̀dà kẹsàn-án tí ó jáde ní ọdún 2017. Ẹni tí ó ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Kútọnu lè má gbọ́ orúkọ CLDR láéláé, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọjọ́ tí ó ń kà ti wá.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àkójọ náà máa ń jáde. Kí ẹ̀dà tí a ó fi ọ̀rọ̀ tuntun sí tó jáde, a máa ń ṣí àyè sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí àwọn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ lè dá àbá, kí wọ́n sì dìbò lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìbò wọn kò dọ́gba: ti àlejò tí ó dá wá fúyẹ́ ju ti ẹni tí ilé-iṣẹ́ tàbí àjọ kan rán wá. Fún àwọn èdè ńlá, ilé-iṣẹ́ ni ó ń sanwó fún àwọn olùdìbò. Fún ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, olùyọ̀ǹda ni ó kọ́kọ́ gbé wọn dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ ANLoc, tí Dwayne Bailey ará South Africa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, gbìyànjú láti kó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ fún ọgọ́rùn-ún èdè.

Fáìlì méjì ni Yorùbá ní nínú CLDR. Èkínní ń jẹ́ yo, àkọtọ́ Nàìjíríà ni ó ń lò. Èkejì ń jẹ́ yo_BJ, òun sì ni ti Benin. Ní àkọ́kọ́, ó lè jọ pé a bu ọlá fún wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn ni ó kọ yo_BJ, a kì í sì í dìbò lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń mú ohun tí ó wà nínú yo, tí ó sì ń fi òfin yí i padà: ẹ di ɛ, ọ di ɔ, ṣ di sh. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń rí Haúsá ti orílẹ̀-èdè Niger láti inú Haúsá ti Nàìjíríà. Nípa òfin yìí, Oṣù Ṣẹ́rẹ́ di Oshù Shɛ́rɛ́, Ẹrẹ̀nà di Ɛrɛ̀nà, Ọ̀wàrà sì di Ɔ̀wàrà. Ẹni tí ó bá kà á gààràgà yóò rò pé ọmọ Sakété kan ni ó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ kan péré nínú ọ̀sẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà ọdún 2020, Ọjọ́ Ìsẹ́gun ni a kọ sínú fáìlì yo, láìsí àmì lábẹ́ s, bẹ́ẹ̀ ni a fi àmì sí abẹ́ ṣ nínú Oṣù ní fáìlì kan náà. Ṣẹ́gun, èyí tí í ṣe ṣẹ́ ogun, ni orúkọ náà ti wá. Kò sí ohun tí ó ń jẹ́ sẹ́gun. Lójú òǹkàwé Nàìjíríà, àṣìṣe kékeré ni èyí. Ó mọ ohun tí a fẹ́ kọ, ojú rẹ̀ fò ó kọjá, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ òfin, òfin kò rí ṣ níbẹ̀, nítorí náà kò yí nǹkankan padà. Ɔjɔ́ Ìsɛ́gun ni ó jáde fún Benin, níbi tí Ìshɛ́gun yẹ kí ó wà. Àmì kan tí ó jábọ́ ní ìhà kan ààlà ni ó di lẹ́tà odindi kan tí ó sọnù ní ìhà kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé sh ni a fi ń kọ ìró náà yóò pe s tí ó rí bí s, kò sì sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀.

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí ìdánwò inú ẹ̀rọ kò fi mú un. CLDR ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀: ó ń wò bóyá lẹ́tà tí a kọ wà lára álífábẹ́ẹ̀tì èdè náà. Bí ẹnìkan bá kọ lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ̀rọ yóò kígbe. Ṣùgbọ́n s wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ó wà nínú ti Benin pẹ̀lú. Ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ ni pé lẹ́tà náà bófin mu. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí. Níbí ni iṣẹ́ ẹ̀rọ parí sí, tí iṣẹ́ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò farahàn bí àṣìṣe rárá. Oṣù kejìlá jẹ́ Ɔ̀pɛ̀ nínú yo_BJ. Gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì tí a ń fi kọ́ni níhìn-ín, Ɔ̀kpɛ̀ ni à bá retí. Òfin náà mọ lẹ́tà mẹ́ta tí ojú tètè ń rí, kò mọ ẹ̀kẹrin. Bí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ti kọ́ni ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Pobè bá ti wo orúkọ oṣù méjìlá náà, ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé kí ó tó béèrè ibi tí k lọ.

Lẹ́tà tí ojú ń rí àti èyí tí ẹ̀rọ ń kà

Ìdánwò tí a nílò kò mọ sí orúkọ oṣù. Lẹ́tà ọ tí ó ní àmì ohùn òkè, bí ó ti wà nínú ọjọ́, ni a lè kọ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà mẹ́rin: ọ odindi tí a fi àmì ohùn lé; ó odindi tí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀; tàbí o lásán tí a fi àmì méjèèjì kún, bóyá ti ìsàlẹ̀ ni ó ṣíwájú tàbí ti òkè. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni gbogbo wọn. Lójú ètò tí a kò kọ dáadáa, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó wá ọ̀kan nínú ìwé atúmọ̀ èdè lórí ẹ̀rọ kò ní rí àwọn mẹ́ta tí ó kù. Ní ti èyí, àkọtọ́ Benin sàn jù: ọ̀nà kan péré ni a lè gbà kọ ɔ́, ìyẹn ni kí a kọ ɔ kí a sì fi àmì ohùn lé e. Ó yẹ kí a máa rántí èyí nígbà tí a bá ń sọ pé lẹ́tà Benin ni ó ṣòro fún ẹ̀rọ.

Ìṣòro tirẹ̀ wà ní ibòmíràn. Pátákó ìtẹ̀wé Faransé tí ó wọ́pọ̀ ní Kútọnu ní é, è, à àti ù fúnra wọn, ṣùgbọ́n kò ní ɛ tàbí ɔ. Ẹni tí ó ń wá ɛ kiri lè bá ε àwọn ará Gíríìsì pàdé, kí ó sì mú un, nítorí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Àṣírí rẹ̀ kò tú títí a ó fi sọ ọ̀rọ̀ náà di lẹ́tà ńlá. Nígbà náà ni ɛ tòótọ́ yóò di Ɛ, tí ti Gíríìsì yóò sì di Ε, èyí tí ó jọ E gẹ́lẹ́. Àkọlé tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti ìwé ɛ̀kɔ́ yóò wá di ohun mìíràn. Àṣìṣe yìí kì í hàn nínú ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ wá ọ̀rọ̀ náà tí kò sì rí i, tí ó sì béèrè ìdí, ni yóò mọ̀.

Àwọn olùyọ̀ǹda ni ó yanjú apá kan nínú ọ̀ràn ìrísí lẹ́tà. Ní ọdún 2004 ni Štěpán Roh bẹ̀rẹ̀ DejaVu, ó mú lẹ́tà Bitstream Vera tí a ti fún gbogbo ènìyàn láṣẹ lé lórí, ó sì ń fi àwọn lẹ́tà tí kò sí nínú rẹ̀ kún un. Denis Jacquerye wà lára àwọn tí ó darí iṣẹ́ náà, ó sì ṣe gudugudu méje fún àwọn lẹ́tà Áfíríkà, kí àmì ohùn lè jókòó sí àárín orí lẹ́tà dípò kí ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni tí ó ń lo Linux fi ka ɔ́ àti ɛ̀ láìsí wàhálà nítorí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀dà 2.37, tí ó jáde ní ọdún 2016, ni ẹ̀dà ìkẹyìn tí a mọ̀. Kò sí ìjà, kò sì sí ẹni tí ó pàṣẹ pé kí iṣẹ́ dúró; àwọn olóko ni ó bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́tà náà ṣì wà, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí àléébù nínú rẹ̀ lónìí lè pẹ́ kó tó rí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Àwọn tí ó lè dán an wò

Ẹni tí ó ti mọ ìwé kà dáadáa kì í ka lẹ́tà mọ́, odindi ọ̀rọ̀ ni ó ń kà. Ìdí nìyí tí Ìsẹ́gun fi lè wà lójú ọ̀mọ̀wé kí ó má rí i. Àgbàlagbà tí ó wà ní oṣù kẹta ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kò lè fo lẹ́tà kankan. Ó ní láti pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sì ti bá ohun tí etí rẹ̀ mọ̀ mu ni yóò dúró sí. Kò sí olùdánwò tí ó dára tó o fún irú àṣìṣe tí a ń sọ yìí. Olùkọ́ rẹ̀ ni ó sì mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò yẹ kí a fi ojú kékeré wo ohun tí ó ń dínà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń jíròrò lórí CLDR, nígbà tí ó jẹ́ pé Faransé ni olùkọ́ Benin kọ́ ní ilé-ìwé. Owó íntánẹ́ẹ̀tì ń jáde láti inú àpò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ètò náà ń ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lóore lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá kùn nítorí èyí kò ṣe àṣejù. Nínú ọ̀wẹ̀ gidi, ó kéré tán, olóko a máa gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Síbẹ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàìsí nítòsí wa. Ní ọdún 2020 ni Bonaventure Dossou, ọmọ Benin, àti Chris Emezue gbé iṣẹ́ FFR jáde láti fi kọ̀ǹpútà túmọ̀ Fọn sí Faransé, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún ayé. Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí Áfíríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, fi Fọn àti Yorùbá sínú àkójọ orúkọ tí ó gbé jáde ní ọdún 2022. Nínú Common Voice tí Mozilla dá sílẹ̀ ní ọdún 2017, olùyọ̀ǹda kan ka gbólóhùn, àwọn méjì mìíràn sì ní láti gbọ́ ọ kí wọ́n gbà pé ó tọ́ kí a tó kà á kún. Òfin ẹlẹ́rìí méjì yìí ni yo_BJ kò ní.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àṣìṣe sùn kò nílò láti mọ bí a ṣe ń kọ ètò. Àpótí ẹ̀sùn CLDR ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí a ń béèrè ni ọ̀rọ̀ tí ó rí, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà tí ó ti rí i, àti ẹ̀rí: ojú-ìwé nínú álífábẹ́ẹ̀tì ti 2008 tàbí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ̀sùn tí ó sọ pé «Yorùbá yín kò dára» kì í rí èsì. Irú ẹ̀sùn tí ó kan ọ̀rọ̀ bí Ìsẹ́gun gbọ́dọ̀ lọ sí fáìlì yo, nítorí bí a bá tún un ṣe níbẹ̀, ti Benin yóò tún ara rẹ̀ ṣe ní ẹ̀dà tí ó bá tẹ̀ lé e. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn olùkọ́ ti Benin àti àwọn olùdìbò ti Nàìjíríà ní láti mọ ara wọn.

Ti kp kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìlà kan péré ni a ó fi kún òfin, pé kí p di kp, ó sì parí lójú ẹni tí kò mọ èdè náà. Ṣùgbọ́n álífábẹ́ẹ̀tì wa ní p pẹ̀lú, fún àwọn ọ̀rọ̀ àyálò, orúkọ orílẹ̀-èdè sì kún inú fáìlì náà. Ìlà yẹn yóò sọ Ɔ̀pɛ̀ di Ɔ̀kpɛ̀ bí ó ti yẹ, yóò sì sọ p inú orúkọ Pólándì àti ti Pànámà di kp lọ́jọ́ kan náà. Kí a tó kọ òfin náà, ẹnìkan ní láti jókòó, kí ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí p wà nínú fáìlì yo, kí ó sì ya èyí tí ó jẹ́ ti Yorùbá fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àyálò, pẹ̀lú ẹni kejì tí yóò tún un kà lẹ́yìn rẹ̀.